Bí mo ṣe ń ṣe ìwé ara ọjà fún ṣọ́ọ̀bù kan ní Peckham láti Ìbàdàn

Ìyá kan tó ń ta oúnjẹ ilé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ló gbé iṣẹ́ náà fún mi: ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ọ̀rá gàrí, èlùbọ́, irú, edé, ẹ̀gúsí àtàwọn yòókù. Èmi wà ní Ìbàdàn níbí. Ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ jù ni pé, "Ọmọ mi, àmì ohùn ò gbọdọ̀ sọnù o. Àwọn ọmọ tí a bí síbí ni mo fẹ́ kó máa kà á."

Fọ́ǹtì, ìyẹn irú ojú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé, ni mo kọ́kọ́ wá, kí n tó ya ìlà kankan. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tó rẹwà ni kò lè gbé lẹ́tà bíi "ẹ́" dáadáa. Lẹ́tà "ẹ" ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ìyẹn àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, "ọ" náà ní, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ tó ti gbé àmì lérí. Ẹ ni kọ̀ǹpútà máa kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà ló máa wá gbé àmì lé e. Bí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì náà kò bá sọ ibi tí àmì yóò jókòó sí, ó lè yà sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kó gun lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Mo kọ "ẹ̀gúsí, ọ̀gẹ̀dẹ̀, èlùbọ́" sínú Figma, ohun èlò tí mo fi ń ya iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, mo wá ń pààrọ̀ fọ́ǹtì lórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá pẹ̀lú, torí ibẹ̀ ni àṣírí ti máa ń tú: àmì á lọ forí gbá ìlà òkè. Noto Sans ló yege, ọ̀fẹ́ sì ni lórí Google Fonts. Ojú rẹ̀ kò fani mọ́ra tó bí mo ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ àti àwòrán lè ṣe ìyẹn.

Ìwé kan péré ni mo ya. Mo sọ ọ́ di component nínú Figma, ìyẹn ìwé ìpìlẹ̀ tí a ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí mo bá yí tirẹ̀ padà, gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ á yí tẹ̀ lé e. Mo wá ṣí Google Sheets, tábìlì orí íńtánẹ́ẹ̀tì: ìlà kan fún ọjà kan. Ìyá fúnra wọn ló fi fóònù kọ orúkọ àwọn ọjà náà síbẹ̀, torí Gboard, kíbọ́ọ̀dù Google lórí fóònù, ní Yorùbá. Plugin, ìyẹn àfikún kékeré fún Figma, tó ń jẹ́ Google Sheets Sync ló ń kó ọ̀rọ̀ náà wọ Figma. Orúkọ àyè kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà gbọ́dọ̀ bá orí òpó inú Sheets mu, kó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú #. Èmi kọ tèmi láìfi àmì sí: #oruko, #iwon, #eroja.

Òfin oúnjẹ ní Lọ́ńdọ̀nù kò gba eré. Oríṣi èròjà 14 tó lè bá ara àwọn kan jà ni wọ́n kà sílẹ̀, dandan sì ni kí wọ́n hàn yàtọ̀ láàárín àwọn èròjà yòókù. Edé wà níbẹ̀. Sóyà náà wà níbẹ̀, ni mo fi béèrè bóyá èso igi igbá ni wọ́n fi ṣe irú wọn tàbí sóyà. Lẹ́tà ńlá ni mo fi yà wọ́n sọ́tọ̀, torí ó ṣeé kọ sínú Sheets tààrà.

Ní ti ìpè orí fídíò, a ò ṣe é. Orí káńtà ni ìyá máa ń wà látàárọ̀. Mo ń ya ojú kọ̀ǹpútà mi ní fídíò kékeré, mo ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Wọ́n á fi ohùn dá mi lóhùn nígbà tí oníbàárà bá fà sẹ́yìn. Mo mọ àwọn tó máa ń ní dandan kí oníbàárà wọn wọ inú Figma. Kí ni ti wàhálà? Èmi ni mò ń kọ ohun tí wọ́n wí sí ibi tó kàn nínú fáìlì.

Àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà kọ́ ni àwọ̀ ìtẹ̀wé, nítorí náà Scribus, ohun èlò ìtòwé tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ni mo fi sọ ọ́ di CMYK, ìyẹn àwọ̀ mẹ́rin tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, kó tó lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé.

Ní báyìí, bí ọjà tuntun bá dé, wọ́n á kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ Sheets, èmi á tẹ sync, PDF á lọ. Iye tí a fẹnu kò sí lórí ìwé kọ̀ọ̀kan ni mò ń gbà. Bó bá jẹ́ wákàtí ni mò ń kà, ṣe ni irinṣẹ́ wọ̀nyí ì bá máa jẹ mí lówó, torí wọ́n ń jẹ́ kí iṣẹ́ tètè parí.