Bí mo ṣe ṣírò omi tó ń ṣòfò nínú ilé-iṣẹ́ omi

Láàárín ọjọ́ 7, mítà ẹnu ọ̀nà ka 84,000 m³ omi odò tó wọlé. Mítà àbájáde ka 78,600 m³. Omi inú táǹkì ìpamọ́ fi 300 m³ lé sí i, ìyẹn kò sọnù. 5,100 m³ yòókù ni mo ní láti mọ ibi tó gbà lọ.

Mi ò kọ́kọ́ wá ibi tó ń jò. Mítà ni mo yẹ̀ wò. Mo ti fáàfù tó ń kún táǹkì ìpamọ́, mo jẹ́ kí pọ́ǹpù fà á fún wákàtí 1. Ojú omi jẹ́ 600 m² (mo ti yọ àyè àwọn òpó inú rẹ̀ kúrò, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé ìyẹn), ó sì lọ sílẹ̀ ní 785 mm: 471 m³. Mítà àbájáde ka 468. Lọ́sẹ̀ kan, àṣìṣe yìí tó 504 m³, omi tó dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn ni wọ́n ń pè ní òfò. Ó ku 4,596.

Fífọ asẹ́ ló ń gba omi jù. Kọ́kọ́ tọ páìpù rẹ̀: bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn mítà àbájáde ló ti ń fa omi, mítà ti kà á mọ́ èyí tó jáde. Tèmi ń fà á ṣáájú mítà. Má gbẹ́kẹ̀ lé iye tí wọ́n kọ sára pọ́ǹpù, fúnra ẹ ni kó o wọ̀n ọ́n. Mo so rúlà mọ́ ògiri asẹ́. Nígbà tí fáàfù ṣí tán, omi gòkè 30 cm ní ìṣẹ́jú àáyá 24. Asẹ́ kan jẹ́ 24 m², nítorí náà 0.3 m³ ni láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú 8 jẹ́ 144 m³. Omi àkọ́kọ́ tí a dà nù lẹ́yìn fífọ jẹ́ 21 m³. Ìgbà 14 la fọ asẹ́ lọ́sẹ̀ náà: 2,310 m³.

Fún gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí a ń tú jáde nísàlẹ̀ táǹkì, mo dí gọ́tà pẹ̀lú pátákó tí a gé ẹnu rẹ̀ bíi V, 90°. Mo wọn gíga omi ní 80 cm sẹ́yìn pátákó, torí omi máa ń tẹ̀ wálẹ̀ létí ẹnu V, ẹni tó bá wọ̀n ọ́n níbẹ̀ á rí iye tó kéré. Gíga rẹ̀ jẹ́ 0.20 m. Ìlànà ìṣirò fún V 90° ni 1.38 × gíga^2.5, nítorí náà 1.38 × 0.20^2.5 fún mi ní lítà 24.7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Táǹkì 2, ìgbà 12 lójúmọ́, ìṣẹ́jú 5 nígbà kọ̀ọ̀kan: 1,244 m³.

Ẹ̀rọ ìmójútó omi tí kì í dákẹ́ ń da 242 m³ nù, oòrùn fa 21 m³. Fún jíjò, mo ti táǹkì 200 m² pa fún wákàtí 24, mo fi garawa omi léfòó sínú rẹ̀. Omi garawa, tí oòrùn nìkan lè fà, fi 5 mm dín, ti táǹkì fi 64. 59 mm ló jò, 83 m³ lọ́sẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 3,900, ó ku 696. Mi ò pe èyí ní jíjò, torí bí mítà ẹnu ọ̀nà bá fi ìdá 1 péré nínú ọgọ́rùn-ún ṣì í kà, 840 m³ nìyẹn. Òun ni mo máa dán wò tẹ̀ lé e.