Ẹ̀yin tó ń darí eré ìtàn wa lórí WhatsApp, níbi tí kálukú ti ń kọ ohun tí ẹ̀dá ìtàn tirẹ̀ ń ṣe

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa fi àpèjúwe nìkan parí ọ̀rọ̀ yín. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé, "Ilẹ̀ ti ṣú ní Ìdúmọ̀tà, òjò ń rọ̀, ọjà ti tú," kí ni ká wá fi ìyẹn ṣe? Ẹ fi ohun tó ń béèrè ìdáhùn kún un: "Bàbá aláṣọ kan fa Àlàbí lápá, ó ní, 'Àwọn tó ń wá ẹ ti dé o.' Àlàbí, kí lo fẹ́ ṣe?" Ẹ ó rí i bí gúrúùpù ṣe máa gbóná.

Ẹ má sì bá Àlàbí pinnu. Ẹ lè sọ pé wọ́n yọ ọ̀bẹ sí i. Pé ó sá tàbí pé ẹ̀rù bà á, ẹni tó ń ṣe Àlàbí ló máa sọ ìyẹn. Lójú tèmi, kò sí ohun tó ń tètè lé èèyàn kúrò nínú eré tó èyí.

Ẹnìkan lè wà nínú gosiló lórí Third Mainland, kí òmíràn máa wá iná ní Mushin. Ẹ fún wa ní wákàtí 24. Ẹni tí kò bá dáhùn, kí ẹ̀dá tirẹ̀ kàn máa tẹ̀lé àwọn yòókù. Ẹ má pa á o!

Ti dáìsì tá a fi ń mọ bóyá ohun tí ẹ̀dá kan fẹ́ ṣe máa bọ́ sí i ńkọ́? Google ní tirẹ̀. Ẹ jù ú níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi àwòrán rẹ̀ hàn wá, torí àwọn kan ti ń kùn. Ẹ sì fi àkọsílẹ̀ ibi tí ìtàn dé há òkè gúrúùpù (ohun tí wọ́n ń pè ní "pin"). WhatsApp lè gbé e síbẹ̀ fún ọjọ́ 30.