Báwo làwọn Kristẹni ayé àtijọ́ ṣe mọ Ìsìláàmù? Àṣìṣe tó yẹ kẹ́ ẹ yẹra fún

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí láti ojú ogun. Nígbà táwọn ọmọ ogun Kristẹni láti Yúróòpù fi gba Jerúsálẹ́mù lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí lọ́dún 1099, Johanu ará Damásíkù, mọ́ńkì Kristẹni kan tó kọ̀wé nípa Ìsìláàmù, ti kú láti ohun tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Abẹ́ ìjọba àwọn kálífà, ìyẹn àwọn olórí Mùsùlùmí, ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ sì ń bá wọn bójú tó ètò owó. Ó ka Ìsìláàmù mọ́ àdámọ̀ ẹ̀sìn Kristẹni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì le, àmọ́ aládùúgbò ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹ má sì fi orin àwọn eléré ṣe ẹ̀rí. Àwọn akọrin Faransé kan kọ ọ́ lórin pé Mùsùlùmí ń bọ ère Apollo, òrìṣà àwọn Gíríìkì àtijọ́. Bẹ́ẹ̀, lọ́dún 1076, Póòpù Gregory Keje ti kọ̀wé sí al-Nasir, ọba Mùsùlùmí kan ní Àríwá Áfíríkà, pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ni tọ̀túntòsì gbà gbọ́, ọ̀nà ló yàtọ̀.

Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù ni ọ̀rọ̀ Kùránì lédè Látìn. Wọ́n á ní Robert ará Ketton ló túmọ̀ rẹ̀ lọ́dún 1143, ó sì yí i sódì. Ó parí síbẹ̀. Ẹ rọra o. Etí odò Ebro ní Sípéènì ni Peter, ọ̀gá àwọn mọ́ńkì Cluny ní ilẹ̀ Faransé, ti bá Robert níbi tó ti ń kọ́ nípa ìràwọ̀. Owó ńlá ló fi fà á kúrò nídìí ẹ̀ pé kó wá túmọ̀ Kùránì. Lóòótọ́, àkọlé ìwé náà pe Ànábì ní wòlíì èké, Robert sì ń tún gbólóhùn tò bó ṣe wù ú. Àmọ́ lọ́pọ̀ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó, àlàyé látinú tafsíìrì, ìyẹn ìwé táwọn Mùsùlùmí fi ń ṣàlàyé Kùránì, ló kì bọ inú ìtumọ̀ rẹ̀. Mark ará Toledo tún un túmọ̀ ní nǹkan bí 1210, ó sì sún mọ́ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ju ti Robert lọ. Síbẹ̀ ti Robert ló tàn jù. Òun ni wọ́n tẹ̀ jáde ní Basel lọ́dún 1543.

Peter fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fi Mùsùlùmí kan kún àwọn atúmọ̀ náà, kí nǹkan kan má baà fara sin. Muhammad lorúkọ rẹ̀. Ìgbà mélòó lẹ ti rí i kí wọ́n dárúkọ ọkùnrin yẹn?

Irú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀ là ń gbàgbé jù. Ramon Llull, Kristẹni onímọ̀ kan láti erékùṣù Majorca, ra ẹrú Mùsùlùmí kan kó lè kọ́ òun ní Lárúbáwá. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà lẹ́nu ẹ̀. Nígbà tó yá, Llull gbọ́ pé ẹrú náà sọ̀rọ̀ òdì sí Kristi, ló bá lù ú. Òun náà wá yọ idà sí ọ̀gá rẹ̀, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ibẹ̀ ló pokùn so sí. Ìwé tó sọ ìtàn ayé Llull ò tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀.