Bí a ṣe ń fi nọ́mbà VLAN dá oníbàárà íntánẹ́ẹ̀tì mọ̀ lórí ráútà

Ìyá kan tó ń ránṣọ ní Fàdéyí pè wá láàárọ̀ Sátidé kan pé íntánẹ́ẹ̀tì òun ti já, bẹ́ẹ̀ owó tó san ti wọlé látàná. Ẹni tó jẹ wá lówó gan-an, tá a rò pé tiẹ̀ la já, wà ní Ìwáyà, ó ń wo bọ́ọ̀lù lọ geere. Nígbà tá a tú iṣẹ́ náà wò, pọ́ọ̀tù kan ṣoṣo, ìyẹn ihò tí wáyà ń wọ̀, ni àdúgbò méjèèjì ń gbà wọ ráútà, ẹ̀rọ tó ń darí íntánẹ́ẹ̀tì sọ́dọ̀ oníbàárà; nọ́mbà kan náà la sì fún wọn. Báwo ni ráútà ṣe fẹ́ mọ Fàdéyí yàtọ̀ sí Ìwáyà? Ó dùn mí púpọ̀, torí iṣẹ́ oòjọ́ lobìnrin yẹn ń fi íntánẹ́ẹ̀tì náà ṣe. Látìgbà náà, ìwé àti bírò ni mo máa ń kọ́kọ́ mú, kí n tó fọwọ́ kan ráútà.

VLAN ni nọ́mbà tá a ń lẹ̀ mọ́ dátà bó ṣe ń kọjá nínú wáyà. Èyí tó ṣeé lò bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 4094. Níbi tí oníbàárà bá ti pọ̀, nọ́mbà méjì la máa ń lẹ̀ mọ́ ọn: ti òde fún àdúgbò, ti inú fún ojúlé. Ojúlé kejìlá ní Ṣómólú kì í ṣe ojúlé kejìlá ní Oyíngbò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 12 ni wọ́n kọ sí ẹnu géètì méjèèjì. Bá a bá so nọ́mbà òde àti ti inú pọ̀ báyìí, ojúlé tá a lè dá mọ̀ lé ní mílíọ̀nù 16.

A kì í jókòó kọ ẹgbẹ̀rún ojúlé sínú ráútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí nọ́mbà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí la ó sọ fún un, pẹ̀lú àwòṣe kan tó máa fi ṣí ojúlé kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀rọ oníbàárà bá tàn, tó béèrè àdírẹ́sì tó máa fi wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ráútà á wo nọ́mbà tó gbé wá. Bó bá bọ́ sáàárín ibi tá a sọ, á ṣí ojúlé fún un lójú ẹsẹ̀.

Ìkínní: ẹ pín nọ́mbà sínú ìwé. Bí àpẹẹrẹ, òde 202 fún Fàdéyí, 203 fún Ìwáyà. Inú 100 dé 899 fún àwọn ilé. Ẹ yẹra fún 1, torí òun ni ọ̀pọ̀ switch, ẹ̀rọ tó ń so wáyà púpọ̀ pọ̀, ń lò bí ẹnikẹ́ni ò bá yàn fún wọn. Ẹ má jẹ́ kí àdúgbò méjì tó ń gba pọ́ọ̀tù kan náà ní nọ́mbà òde kan náà láé.

Ìkejì: ẹ kọ àwòṣe; OJULE ni mo pe tèmi. Ráútà Juniper MX ni mò ń lò níbí, tí DHCP (tó ń fún oníbàárà ní àdírẹ́sì) àti subscriber-management (tó ń bójú tó àwọn oníbàárà) ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

set dynamic-profiles OJULE interfaces "$junos-interface-ifd-name" unit "$junos-interface-unit" vlan-tags outer "$junos-stacked-vlan-id" inner "$junos-vlan-id"

set dynamic-profiles OJULE interfaces "$junos-interface-ifd-name" unit "$junos-interface-unit" family inet unnumbered-address lo0.0

Ẹ fi gbogbo ohun tó ní àmì $ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ráútà fúnra rẹ̀ ló máa kọ nọ́mbà gidi síbẹ̀.

Ìkẹta: ẹ so àwòṣe mọ́ pọ́ọ̀tù; xe-0/0/1 ni orúkọ pọ́ọ̀tù tèmi.

set interfaces xe-0/0/1 flexible-vlan-tagging

set interfaces xe-0/0/1 auto-configure stacked-vlan-ranges dynamic-profile OJULE accept dhcp-v4

set interfaces xe-0/0/1 auto-configure stacked-vlan-ranges dynamic-profile OJULE ranges 202-203,100-899

set interfaces xe-0/0/1 auto-configure remove-when-no-subscribers

Ìlà kẹta yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yin náà á rí àwọn tó máa kọ "any" síbẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Géètì tẹ́ ẹ ṣí sílẹ̀ gbayawu nìyẹn: nọ́mbà tẹ́ni kan ṣì kọ níbòmíràn á wọlé, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Bí ẹ bá kọ ibi tó parí sí, nọ́mbà tí ẹ kò mọ̀ kò ní rí ojúlé kankan, oníbàárà náà á pè yín, ẹ ó sì tètè rí àṣìṣe náà. Ìlà tó gbẹ̀yìn ń mú kí ojúlé tí kò sẹ́nìkan níbẹ̀ mọ́ pa dé.

Ìkẹrin: ẹ dán an wò. "commit check" lẹ kọ́kọ́ máa tẹ̀, kẹ́ ẹ tó tẹ "commit confirmed 5". Bó bá jẹ́ pé ẹ ti tilẹ̀kùn mọ́ ara yín síta, tẹ́ ẹ sì ń ti ọ̀nà jíjìn ṣe é, ráútà á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5. Bí gbogbo rẹ̀ bá dáa, ẹ tẹ "commit" kí ìṣẹ́jú náà tó pé.

Ẹ jẹ́ kí oníbàárà kan tan ẹ̀rọ rẹ̀, kẹ́ ẹ wá tẹ "show subscribers". Ẹ ó rí nǹkan bíi 0x8100.202 0x8100.114. Ẹ fi 202 àti 114 wé ohun tó wà nínú ìwé yín, kẹ́ ẹ pè é lórí fóònù kí ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó wà. Bó bá ní Ìwáyà lòun wà, tí ìwé ní Fàdéyí, ẹ dúró, ẹ má so ẹlòmíràn mọ́ ọn. Ibi tí wọ́n ti ń lẹ nọ́mbà òde mọ́ dátà ní àdúgbò náà ni kẹ́ ẹ lọ yẹ̀ wò.

Ẹni tó bá kó kúrò ní Fàdéyí lọ sí Ìwáyà, nọ́mbà tuntun ni ẹ fún un. Ẹ fa igi lé ti àtijọ́ nínú ìwé, kẹ́ ẹ kọ déètì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ tó fún ẹlòmíràn.