Bí A Ṣe Ń Wá Ẹ̀kọ́-Ọ̀fẹ́ Rótárì Láti Òṣogbo

Oyè kejì sókè ni ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ Global Grant ti Rótárì, ẹgbẹ́ aláàánú àgbáyé, wà fún, ọdún 1 sí 4, ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Àpapọ̀ owó rẹ̀ kì í dín ní 30,000 dọ́là.

Ẹgbẹ́ Rótárì ló ń bá akẹ́kọ̀ọ́ béèrè owó náà, nítorí náà ẹ lọ bá wọn ní Òṣogbo lọ́jọ́ ìpàdé. Ẹgbẹ́ mìíràn gbọ́dọ̀ gbà yín lálejò níbi tí ẹ ń lọ. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń há, torí wọn kì í tètè kọ̀wé sí ẹgbẹ́ ibẹ̀.

Ohun tí ẹ fẹ́ kọ́ gbọ́dọ̀ bá ọ̀kan nínú nǹkan méje mu: àlàáfíà, ìdènà àrùn, omi àti ìmọ́tótó, ìlera ìyá àti ọmọ, ẹ̀kọ́, ọrọ̀ ajé àdúgbò, tàbí àyíká. Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà, Òṣogbo, tó fẹ́ kọ́ ìtọ́jú aláboyún bá a mu gan-an. “Mo fẹ́ ran Nàìjíríà lọ́wọ́” kò tó rárá. Ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ ó ṣe àti ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹ ó ti ṣe é.

Ẹ gbọ́dọ̀ ti gba lẹ́tà ìgbaniwọlé ilé-ẹ̀kọ́ kí ìbéèrè yín tó lọ. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ ọmọ ẹgbẹ́ Rótárì kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i.