Deep neck lift tí mo ṣe: ohun tó wà lábẹ́ àgbọ̀n mi kì í ṣe ọ̀rá nìkan

Deep neck lift ni iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń tún ohun tó wà lábẹ́ iṣan ọrùn ṣe. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kẹ́ ẹ má bàa rò pé ẹni tó sanra ló ń sọ̀rọ̀. Mi ò sanra, mi ò sì sanra rí, àmọ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni abẹ́ àgbọ̀n mi ti kún. Tí mo bá dojú kọ yín ẹ ò ní rí nǹkan kan, àfi tí wọ́n bá ya fọ́tò mi láti ẹ̀gbẹ́, ìgbà yẹn lẹ máa rí i pé láti àgbọ̀n dé gògóńgò kò sí kọ́nà kankan níbẹ̀, ó kàn rọra ń sọ̀ kalẹ̀ ni. Bàbá mi rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà rí bẹ́ẹ̀. Mo ti dín oúnjẹ kù débi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi jìn, abẹ́ àgbọ̀n ò yí padà. Àwọn tó ń ní ká máa na ahọ́n, ká máa jẹ ṣingọ́ọ̀mù kí ọrùn lè fọn, ẹ bá mi kí wọn jàre.

Dókítà àkọ́kọ́ tí mo lọ bá kàn wò mí fẹ̀rẹ̀ báyìí, ó ní ọ̀rá ni, liposuction ló máa fi fà á jáde, mo máa padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn mí. Ìkejì ló yàtọ̀. Wọ́n ní kí n jókòó dáadáa, kí n gbójú sókè, kí n wolẹ̀, kí n gbé itọ́ mì. Wọ́n wá ní kí n fa ẹnu sísàlẹ̀ kí iṣan ọrùn le, wọ́n sì fi ìka méjì mú abẹ́ àgbọ̀n mi nígbà tó le yẹn. Ohun tí ìka wọn rí mú ò tó nǹkan. Wọ́n ní, ẹ wò ó, èyí tí mo mú yìí ni ọ̀rá tó wà lókè iṣan, kò ju báyìí lọ, ìyókù tó kún yẹn, abẹ́ iṣan ló wà, liposuction ò sì lè débẹ̀.

Wọ́n yà á fún mi sórí ìwé. Awọ ló wà lókè, ọ̀rá díẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni iṣan pẹlẹbẹ kan tó ń jẹ́ platysma, tó gbéra láti òkè àyà tó gun ọrùn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, òun ló máa ń yọ síta ní ilà méjì lọ́rùn àgbàlagbà tó bá ń fi agbára sọ̀rọ̀. Abẹ́ iṣan yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rá míì wà níbẹ̀, iṣan kékeré méjì tó ń jẹ́ digastric wà níbẹ̀, kókó itọ́ tí wọ́n ń pè ní submandibular wà lápá ọ̀tún àti òsì lábẹ́ egungun àgbọ̀n, egungun kékeré kan tó ń jẹ́ hyoid náà wà lókè gògóńgò, kò kan egungun míì rárá, iṣan ló gbé e ró. Tí àwọn nǹkan wọ̀nyí bá ti pọ̀, ẹ máa fa awọ le títí, bí ìgbà téèyàn fa aṣọ le lórí ẹrù ni, ẹrù náà ò ní torí ìyẹn kéré. Wọ́n tiẹ̀ ní tí wọ́n bá fa ọ̀rá òkè tán lọ́rùn irú èmi, ńṣe ni kókó itọ́ máa wá hàn síta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, awọ á lẹ̀ mọ́ iṣan, ó sì máa ń ṣòroó tún ṣe. Tí wọ́n bá sì yọ ọ̀rá àárín jù láì bójú tó ẹ̀gbẹ́, àárín á jìn wọnú, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á yọ gọngọ.

Nǹkan tó jẹ́ kí n fọkàn tán dókítà yìí ni pé wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọn ò lè ṣe fún mi. Wọ́n ní hyoid tèmi wà nísàlẹ̀ díẹ̀, ibi tí egungun yẹn bá sì wà ni kọ́nà ọrùn máa mọ, wọn ò lè gbé e sókè, torí náà kí n yọ fọ́tò ọrùn tó wù mí tí mo mú wá lọ́kàn. Wọ́n wo àgbọ̀n mi náà bóyá ó wọnú, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọrùn wọn ò ní nǹkan kan, àgbọ̀n wọn ló kéré, ìyẹn tí wọ́n bá gbé àgbọ̀n síwájú ọ̀rọ̀ bùṣe. Tèmi dáa. Ní ti awọ, wọ́n ní ó ṣì ń fà dáadáa, wọ́n máa la abẹ́ àgbọ̀n nìkan, wọn ò ní kan ẹ̀yìn etí. Mo wá bi wọ́n pé tẹ́ ẹ bá yọ nǹkan inú, ṣé awọ ò ní máa fì? Wọ́n ní rárá, kọ́nà tó jìn máa ń gba awọ ju ilà tó sọ̀ kalẹ̀ tààrà lọ, awọ yẹn á wọlé lọ bo ibi tuntun. Ẹni tí awọ ẹ̀ ti rọ̀ gan-an ni wọ́n máa gba ẹ̀yìn etí fún.

Ọ̀rọ̀ kókó itọ́ la fi gbogbo àkókò tó kù sọ, torí ẹ̀rù ẹ̀ bà mí. Àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ fúnra wọn ò fẹnu kò lórí ẹ̀. Àwọn kan ní kò sóhun tó máa gbé àwọn débẹ̀, torí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá wà nítòsí, itọ́ sì lè máa jò sábẹ́ awọ tó bá yá, àwọn míì ní téèyàn bá fi í sílẹ̀ ó máa ba iṣẹ́ náà jẹ́, wọ́n á gé apá tó yọ kọjá egungun àgbọ̀n, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀. Mo bi wọ́n nípa ẹnu gbígbẹ, torí mo ti kà á pé téèyàn ò bá jẹun lọ́wọ́, kókó méjèèjì yìí ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú itọ́ ẹnu. Wọ́n ní òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi yọ ọ́ tán, àti pé ẹni tí ẹnu ẹ̀ ti ń gbẹ tẹ́lẹ̀ tàbí tó ń lo oògùn tó ń gbẹ ẹnu, àwọn ò ní fọwọ́ kan tiẹ̀. Ní tèmi a gbà pé kí wọ́n dín in kù díẹ̀.

Mo tún bi wọ́n pé ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ máa ń ṣe irú ẹ̀ lóṣù, èèyàn mélòó lẹ ti ní láti dá padà sí tíátà nítorí ẹ̀jẹ̀, ta ló máa kùn mí lóorun, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru ta ni mo máa pè tó máa gbé e. Mo ní kí wọ́n fi fọ́tò àwọn tó ti tó ọdún kan hàn mí, láti ẹ̀gbẹ́, àti nígbà tí onítọ̀hún bá wolẹ̀, torí gbogbo ọrùn ló máa ń dáa téèyàn bá ti gbójú sókè. Dókítà tí irú ìbéèrè yìí bá ń bí nínú, ẹ dìde níwájú ẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru tèmi ò burú jù, àmọ́ wọ́n ní àwọn ò ní dá ọjọ́ kankan àfi tó bá wálẹ̀ tó sì dúró síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó máa ń sé sábẹ́ awọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ojú àti ọrùn, ọkùnrin ló máa ń ṣe jù, ẹ̀jẹ̀ ríru sì máa ń dá kún un. Mo lọ lo oògùn mi bó ṣe yẹ. Wọ́n ní kí n kọ gbogbo ohun tí mo ń gbé mì sílẹ̀. Aspirin, ibuprofen, vitamin E, epo ẹja, hóró oògùn aláyù, bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni wọ́n ní kí n fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ torí wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà ju bó ṣe yẹ lọ. Àmọ́ ẹni tí dókítà ọkàn bá fún ní aspirin, ẹ má dá a dúró fúnra yín o, ẹ jẹ́ kí dókítà méjèèjì bára wọn sọ̀rọ̀. Sìgá ńkọ́, kéèyàn má fà á fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú àti lẹ́yìn ẹ̀, èyí tí wọ́n ń fà bí èéfín òórùn dídùn yẹn (vape) náà wà níbẹ̀, nicotine máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, awọ tí ẹ̀jẹ̀ ò bá sì dé, ó lè kú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba abẹ́rẹ́ tó ń múni fọn, bíi semaglutide, ẹ sọ fún ẹni tó máa kùn yín lóorun, torí oúnjẹ máa ń pẹ́ nínú ikùn ẹni tó ń lò ó, ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun padà wá nígbà téèyàn bá ń sùn. Wọ́n tún wo ojú àpá abẹ́rẹ́ àjẹsára tó wà lápá mi, àti ibi tí irun máa ń gún mi lábẹ́ àgbọ̀n tí mo bá fárí irùngbọ̀n, nítorí kẹ́lọ́ìdì, ìyẹn àpá tó máa ń wú sókè. Àwa aláwọ̀ dúdú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fo ìyẹn.

Lọ́jọ́ náà gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tí mo rí. Wọ́n fi bírò fa ilà sí mi lọ́rùn nígbà tí mo ṣì jókòó, torí téèyàn bá ti dùbúlẹ̀ gbogbo nǹkan á ti yí padà, wọ́n kùn mí lóorun, mo sùn, mo jí. Wọ́n ní ó gba wákàtí mélòó kan. Nígbà tí mo jí, ọrùn mi fún, kì í ṣe ìrora tó ń gúnni, àmọ́ mi ò lè gbé itọ́ mì láìmọ̀ ọ́n lára. Túùbù tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ń fa ẹ̀jẹ̀ àti omi jáde sínú ike kékeré kan, wọ́n sì ti fi òwú rán awọ mọ́ inú káàkiri ọrùn kí àyè má bàa sí tí ẹ̀jẹ̀ máa sé sí. Òwú yẹn burú lójú gan-an, ìyàwó mi pariwo, àmọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n yọ túùbù náà.

Òru àkọ́kọ́ lẹ máa múra sílẹ̀ fún jù. Inú wákàtí mẹ́rìnlélógún àkọ́kọ́ ni ẹ̀jẹ̀ tó ń sé yìí máa ń wáyé jù, ó sì lè tẹ ọ̀nà èémí pa lọ́rùn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ yín tí kò ní sùn fọnfọn. Nọ́ọ̀sì sọ ọ́ fún ìyàwó mi lójú mi: tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ń wú ju ìkejì lọ, tó bá ń le sí i, tí ìrora ń pọ̀ dípò kó máa dín, tí ohùn ẹ̀ bá yí padà tàbí tí èémí ń ṣòro fún un, ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ máa mọ́. Wọ́n fún mi lóògùn èébì àti oògùn ikọ́ torí èébì àti ikọ́ máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, wọ́n ní kí n má tẹ̀ ba, kí n má fipá yàgbẹ́. Mo sùn pẹ̀lú ẹ̀yìn gíga, láìsí irọ̀rí ńlá lábẹ́ orí tó máa tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, oorun náà ò sì dùn, kò sẹ́ni tó máa parọ́ yẹn fún yín.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó rí ara mi. Ọrùn mi tóbi ju bó ṣe wà kí n tó lọ, àmì ẹ̀jẹ̀ sì ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àyà mi. Ètè mi ìsàlẹ̀ lápá òsì ò bá ìkejì lọ tí mo bá rẹ́rìn-ín. Mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ torí wọ́n sọ fún mi pé nẹ́ẹ̀fù tó ń fa ètè yẹn wálẹ̀ gba etí egungun àgbọ̀n kọjá, ó lè rẹ̀ ẹ́, ó sì sábà máa ń padà bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ sí oṣù mélòó kan, èyí tí kì í padà mọ́ ṣọ̀wọ́n àmọ́ ó wà. Mímọ̀ yẹn ò ní kéèyàn má lọ máa wo díńgí láàárọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Tèmi padà díẹ̀díẹ̀. Ní ti oúnjẹ, nǹkan rírọ̀ tí kò kan ni mo jẹ, torí kíkan ló máa ń mú itọ́ sun jù, tí itọ́ bá lọ ń jò láti ojú ibi tí wọ́n gé, abẹ́ awọ á wú tẹ́ ẹ bá ti ń jẹun. Tó bá ṣẹlẹ̀ wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fà á, wọ́n lè fún kókó náà ní Botox kó sinmi. Tèmi ò jò.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta sí i, mo ti lè jáde láìsí pé wọ́n ń bi mí léèrè, ẹrù wíwúwo àti eré sísá ló ṣì jẹ́ èèwọ̀. Wọ́n ò jẹ́ kí n wakọ̀ títí mo fi lè yí ọrùn bó ṣe yẹ. Nǹkan tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi ni pé abẹ́ àgbọ̀n máa le, á ní kókó kókó, fún oṣù mélòó kan, kí n tó pe dókítà mo ti ro oríṣiríṣi. Wọ́n ní ibi tó ń jinná nínú ni, wọ́n sì fi bí mo ṣe máa máa fọwọ́ rọra pa á hàn mí. Ẹ̀yin ọkùnrin, awọ ibẹ̀ ò ní mọ nǹkan lára fúngbà díẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n tí abẹ ìfárí bá gé yín, kílípà ni kẹ́ ẹ máa lò títí ara á fi jí.

Báyìí, kọ́nà ti wà níbẹ̀. Kò jìn tó ti fọ́tò tí mo mú lọ, hyoid ò gbà, wọ́n sì ti sọ bẹ́ẹ̀. Ojú àpá wà lábẹ́ àgbọ̀n níbi tí irùngbọ̀n bò, silicone ni mo ń lẹ̀ mọ́ ọn lálaalẹ́, kò tíì yọ kẹ́lọ́ìdì. Ẹ̀gbọ́n mi ti wá béèrè nọ́ńbà dókítà lọ́wọ́ mi, mo fún un, àmọ́ mo ní kó kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n fi ìka mú tiẹ̀ wò nígbà tó bá fa iṣan le, torí bí ọrùn wa ṣe jọra yẹn, ó lè jẹ́ ọ̀rá òkè lásán ló pọ̀ lọ́dọ̀ tiẹ̀, kó má lọ gba ọ̀nà jíjìn.