Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Parí Ọ̀rọ̀ Owó Oṣù Tí Agbanisíṣẹ́ Jẹ Sílẹ̀

Ọjọ́ tí agbanisíṣẹ́ bá gbà láti sanwó gan-an ni òṣìṣẹ́ máa ń pàdánù jù. Nínú ìdùnnú rẹ̀, yóò buwọ́ lu ìwé tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ láìkà á dé ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ pátá. Bí owó náà kò bá wá dé, ìwé yìí ni wọn yóò fi han adájọ́. Ẹ má ṣe buwọ́ lu irú rẹ̀ kí owó tó wọ àpò báńkì yín, ẹ má sì ṣe fa ẹjọ́ tí ẹ ti pè sẹ́yìn nítorí ìlérí lásán. Bí ó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni wọn yóò máa san án, kí àdéhùn sọ iye àti ọjọ́ ìsanwó kọ̀ọ̀kan, kí ó sì sọ pé bí wọ́n bá yẹ ẹyọ ọjọ́ kan, gbogbo èyí tí ó kù di sísan lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má ṣe lọ jókòó ìpẹ̀tù láìmọ iye tí wọ́n jẹ yín. “Oṣù mẹ́ta ni” kò tó. Owó àfikún iṣẹ́ ńkọ́? Owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n yọ nínú owó oṣù ṣùgbọ́n tí wọn kò fi ránṣẹ́ ńkọ́? Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ ní oṣooṣù, kí àkọsílẹ̀ báńkì tì í lẹ́yìn, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ti yọ owó orí kúrò nínú iye tí wọ́n fẹ́ san.

Agbanisíṣẹ́ náà ń ṣe àṣìṣe tirẹ̀: ó ń ka owó séni lọ́wọ́ láìgba ìwé ẹ̀rí.

Àṣìṣe mìíràn ni gbígba ìwé ìlérí dípò owó. Àdéhùn 95 tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé (ILO) ṣe ní ọdún 1949 kò fàyè gba irú rẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí i. Àdéhùn yìí kan náà ní kí a ka òṣìṣẹ́ mọ́ àwọn tí ilé-iṣẹ́ jẹ lówó tí a ó kọ́kọ́ dá lóhùn, dé ìwọ̀n tí òfin orílẹ̀-èdè gbà, bí ilé-iṣẹ́ bá wọ gbèsè tí kò lè san. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tètè fi orúkọ àti iye owó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ó ń bójú tó ohun ìní ilé-iṣẹ́ náà lè pàdánù àǹfààní yìí.

Ìdúró pípẹ́ náà léwu. Òfin sábà máa ń fi gbèdéke sí ẹ̀tọ́ láti pẹjọ́, “ẹ ní sùúrù, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni” kì í sì í sún un síwájú. Ẹ béèrè gbèdéke yìí kí ìdúnàádúrà tó bẹ̀rẹ̀.